Ilẹ̀kùn Pupa Tí Comasia Ń Wá

Bí ẹ bá dé Casalvito tí ẹ rí ògiri kan tó funfun débi pé ẹ ní láti fọwọ́ bojú, Comasia ló kùn ún. Bí ẹ bá rí èyí tó kàn funfun lásán, ẹlòmíràn ló ṣe é, ẹ má sì yìn ín lójú Comasia bí ẹ ò bá fẹ́ kó bú ẹni náà dé orí ìyá ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àgbàlá kan náà là ń gbé, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Tó bá ń po ẹfun nínú korobá láàárọ̀, ó máa ń kọrin sí i, orin tí kò dùn rárá, èmi ni mo sì máa ń fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà pé kó jẹ́ kí n sùn.

Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Bàbá ọ̀hún kò bí ọmọkùnrin, ló bá gbé àkàbà lé ọmọbìnrin léjìká, ó fún un ní búrọ́ọ̀ṣì, kò sì kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn ju pé kó má jẹ́ kí ẹfun ta sí ilẹ̀kùn ènìyàn. Ìdí wà fún un. Funfun ni gbogbo ilé wa láti òkè dé ilẹ̀, ọdọọdún la sì ń tún un kùn kí oòrùn tó le, torí náà ilé kan kò yàtọ̀ sí ìkejì àfi ní ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn la fi ń júwe ilé. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ òpópónà fún yín ní Casalvito, ká má tilẹ̀ sọ nọ́ńbà. Wọ́n á ní, "Ẹ yà sọ́wọ́ òsì lẹ́yìn àtẹ̀gùn yẹn, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá ni, ẹ má kan ti aláwọ̀ aró o, ajá wà níbẹ̀." Kò sì sí ilẹ̀kùn kan nílùú tí Comasia kò tíì fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bò rí kó tó kun ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kò sọnù rí láyé rẹ̀. Àwọn àlejò tó ń sọnù sí àárín wa ló fi ń ṣe fàájì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yóò wà lórí àkàbà, yóò máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá tàwọn ti kámẹ́rà lọ́rùn, yóò jẹ́ kí wọ́n tún kọjá, tí wọ́n bá wá tún yọ lẹ́ẹ̀kan sí i, á ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?" Lẹ́yìn náà ló máa sọ̀ kalẹ̀ tí á mú wọn ní ìgúnpá dé gbàgede. Tó bá padà dé, á sọ fún mi pé ènìyàn tó bá lójú kò lè sọnù, pé ìjọra-ẹni-lójú ni gbogbo ìsọnù yẹn.

Àwọn ọkùnrin ti béèrè rẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọge. Ó kọ ọ̀kan nítorí bó ṣe ń fa ọbẹ̀ lẹ́nu, ó kọ ọ̀kan nítorí ìyá rẹ̀. Èyí tó wá ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé kò bójú mu kí ìyàwó òun máa gun àkàbà, bàtà rẹ̀ méjèèjì ló fi ẹfun kùn. Lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó béèrè mọ́. Bàbá rẹ̀ kú, irun tirẹ̀ náà ń funfun, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ọkàn òun balẹ̀. Èmi tí mò ń gbé nísàlẹ̀ ni mo mọ̀ pé òun nìkan ló ń jẹun alẹ́, tí ó ń bá rédíò jiyàn.

Bó ṣe wà nìyẹn títí sítóòfù rẹ̀ fi bàjẹ́. Ọ̀gá Oronzo ló ń tún sítóòfù ṣe nílùú wa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó kúrú díẹ̀, táì ló máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi tó bá ń bá páìpù gáàsì wí. Ó tún sítóòfù náà ṣe. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún bàjẹ́. Láàárín Lẹ́ńtì yẹn, sítóòfù Comasia nìkan bàjẹ́ ju ti gbogbo àdúgbò lápapọ̀ lọ. Mo gòkè lọ lọ́jọ́ kan láìkan ilẹ̀kùn, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ níwájú sítóòfù, ó mú sípánà lọ́wọ́.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?" mo bi í.

"Mò ń wò ó bóyá ó máa tún bàjẹ́ ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi lọ jókòó lé orí korobá ẹfun.

Lọ́dún yẹn kan náà ni fádà kó wa ní bọ́ọ̀sì lọ sí Genova, ìlú èbúté kan lápá àríwá, tó jìnnà sí àwa ará gúúsù, ká lọ gbàdúrà ní ilé Màríà tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú náà. Ọjọ́ kìíní jẹ́ ti àdúrà. Ọjọ́ kejì, fádà ní kí kálukú lọ ṣe fàájì bó ṣe fẹ́, kó ṣáà má lọ rì sómi. Kò sẹ́ni tó ní fóònù àpò nígbà náà. Ẹni tó bá ti kúrò níwájú rẹ, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tún ríra.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ́jọ́ kìíní, Ọ̀gá Oronzo dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó di irin orí àga mú. Mo díbọ́n pé mo ti sùn. Ojú fèrèsé ló kọjú sí tó fi ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ wò ó, Comasia. Ibì kan wà tí mo ti máa ń jẹun nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí mò ń ṣiṣẹ́ ní èbúté níbí. Kò ní pátákó níta. Òpópó Tre Sarte ni, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún, pupa. Ibẹ̀ ni mo máa jókòó sí lọ́sàn-án ọ̀la." Ó mí. "Tẹ́ ẹ bá lè fẹ́ mi, ẹ wá bá mi jẹun. Tí kọfí tí wọ́n fi ń parí oúnjẹ bá dé tí àga yín ṣì ṣófo, mo ti gbọ́ èsì yín nìyẹn. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Sítóòfù yín, màá ṣì máa wá tún un ṣe."

Ó padà lọ jókòó. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí Comasia ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń ka àdúrà: mẹ́rìnlélógún, pupa.

"Ṣé wàá lọ?" mo bi í, ojú mi ṣì wà ní pípadé.

"O ò sùn."

"Ta ló lè sùn sírú ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé wàá lọ?"

"Màá lọ," ó ní. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tú sítóòfù yẹn ni mo ti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́, ṣe ni mo máa ń bú u."

Wọn ò lè jọ jáde. Odidi bọ́ọ̀sì èrò Casalvito ló wà níbẹ̀, ẹnu wọn kì í sinmi, ká tó délé wọn á ti sọ àwọn ọmọ tí Comasia máa bí lórúkọ. Torí náà, Ọ̀gá Oronzo jáde láàárọ̀ tòun ti táì. Comasia dúró di ìgbà tí ilé àlejò ṣófo, ó wọ aṣọ aláwọ̀ aró tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀ tí kò tún wọ̀ mọ́, ó ní kí n sin òun dé ẹnu ọ̀nà, kí n wá wábì kan yà sí.

Genova kò jọ ìlú wa. Ilé wọn ga, ó dúdú, wọ́n sì fún mọ́ra wọn débi pé aládùúgbò lè na iyọ̀ sí aládùúgbò láti ojú fèrèsé. Oòrùn kì í dé ilẹ̀. Comasia ń wo àwọn ògiri yẹn bí dókítà ṣe ń wo ẹni tí kò lọ sílé ìwòsàn rí.

"Ẹfun kò dé ibí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé," ó ní.

Ẹ gbọ́, Tre Sarte kò ṣòro rí. Ọkùnrin ẹlẹ́ja kan nawọ́ sí i, a sì wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Comasia ń wo ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Bùráùn. Eléérú. Bùráùn. A dé ibi ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe kọ́tìnì sí lẹ́nu. Òórùn ehoro díndín ń jáde níbẹ̀, ọkùnrin kan sì ń wúkọ́ nínú. Comasia dúró, ó fọwọ́ kan ọ̀dà ilẹ̀kùn náà.

"Wo iṣẹ́ burúkú. Ta ló kun èyí? Ó yẹ kí wọ́n ti ẹni náà mọ́lé."

A kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín báyìí, kí ẹ má baà bá wa sọnù. Ibẹ̀ gan-an ni. Ọ̀gá Oronzo ló ń wúkọ́. Ní Genova, oríṣi nọ́ńbà méjì ló wà lójú òpópó kan ṣoṣo: dúdú ni wọ́n fi ń kọ ti ilé gbígbé, pupa ni wọ́n fi ń kọ ti ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ. Mẹ́rìnlélógún dúdú wà, mẹ́rìnlélógún pupa wà, wọ́n sì lè jìnnà síra. Ará ibẹ̀ kì í ronú sí i, Ọ̀gá Oronzo náà ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé kò ronú sí i. Ṣùgbọ́n ará Casalvito tí o bá sọ pé "pupa" fún, ilẹ̀kùn ló máa wá. Èmi náà ilẹ̀kùn ni mò ń wá.

Níbi tí òpópó náà ti yí kọ́rọ́, Comasia ní kò ṣeé ṣe kó jẹ́ ibí, pé Tre Sarte mìíràn gbọ́dọ̀ wà. A bá yà. A gun àtẹ̀gùn, a gba abẹ́ ilé kan kọjá, a já sí ibi kànga tí ère kìnnìún wà lórí rẹ̀. A tún yà, a gba ibi tí aṣọ tútù ti ń kán sí wa lórí. A tún já sí ibi kìnnìún.

"A ti sọnù," mo ní.

"A ò sọnù. À ń wo ìlú ni."

Mo ké sí ìyá kan tó ń fi okùn sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Mo bi í ní Tre Sarte. Ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀." A sọ̀ kalẹ̀, a bá ara wa létí òkun. A gòkè padà, a bi ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe, òun náà ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀." Létí òkun náà ni. Àwọn ará Genova ò mọ ọ̀tún, wọn ò mọ òsì, gbogbo ohun tó wà láyé lójú tiwọn, ó wà lókè tàbí nísàlẹ̀.

"Gbogbo ìlú yìí ló ń sọ̀ kalẹ̀," Comasia ní. "Ta ló wá ń gòkè?"

"Àwa ni."

Ẹ̀rín pa mí, mo ní láti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ la wà tí obìnrin méjì tó wọ dúdú fi yọ sí wa, tàwọn ti àpótí tí wọ́n fi okùn dì, sọ́séèjì ń yọrí nínú báàgì ọ̀kan wọn. Wọ́n ń làágùn. Ohùn ará gúúsù bíi tiwa ni tiwọn. Wọ́n lọ tààrà sọ́dọ̀ Comasia torí pé òun ló jọ ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, níbo ni Tre Sarte?"

Ó yẹ kó sọ pé òun ò mọ̀. Ẹni tí ẹ bá mọ̀ dáadáa, ẹ mọ ohun tí kò lè ti ẹnu rẹ̀ jáde. Comasia tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó na ìka bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀," ó ní.

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo wo Comasia. Kò wò mí.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì lu ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fara ti ògiri dúdú yẹn tòun ti aṣọ aláwọ̀ aró, omi sì lé sí i lójú. "Ó ti ń jẹun báyìí," ó ní. "Ó máa rò pé mo kọ òun. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń kọ ènìyàn, èyí tí mi ò kọ ló wá máa rò pé mo kọ òun." Mo fà á lọ́wọ́, mo ní ká ṣáà máa rìn. A gba ọ̀nà tóóró kan tí a ò tíì gbà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá, ó yí kọ́rọ́, Comasia sì di apá mi mú débi pé ó dùn mí.

Ilẹ̀kùn pupa. Pupa tó pupa. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún wà lórí rẹ̀, òórùn oúnjẹ sì ń pè wá láti inú. Tre Sarte la tún padà sí, láti òkè, ṣùgbọ́n a ò mọ̀. Mẹ́rìnlélógún dúdú nìyẹn. A ò mọ ìyẹn náà.

Ìyá arúgbó kan yọ, ó wọ épúrọ́ọ̀nù. Delfina ni wọ́n ń pè é, bí a ṣe wá mọ̀.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ mà pẹ́ o. Omi hó títí ó fi gbẹ, mo ti gbé òmíràn kaná."

"Ẹ má bínú, màmá," Comasia ní. "Ọ̀nà ló dàrú mọ́ wa lójú."

"Ohùn yín ti sọ fún mi. Ará gúúsù. Mo ní ẹ̀yin ni."

"Ọkùnrin náà ńkọ́? Ṣé ó ti lọ?"

"Lọ síbo? Búrẹ́dì ló sáré lọ rà. Ó ní èyí tó wà nílé ò dáa tó irú yín."

Comasia jókòó. Ó fọwọ́ kàn mí lábẹ́ tábìlì. "Ṣé o gbọ́? Búrẹ́dì ló lọ rà."

Mo wo àyíká. Tábìlì kan péré ló wà níbẹ̀. Àwòrán ọkọ ìyá náà wà lára ògiri, àbẹ́là ń jó níwájú rẹ̀, mo sì ń rí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kejì. "Comasia," mo ní, "irú ilé oúnjẹ wo ni wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí?"

"Ṣe bí ó sọ pé kò ní pátákó. Dákẹ́ jàre."

Delfina gbé makaroní tó fi efinrin gígún pò wá, ó rọ́ ọ kún àwo, ó ní ká máa jẹ, pé kò ní pẹ́ dé. Ebi sì ń pa wá. Ìyá náà so aṣọ ìnuwọ́ mọ́ Comasia lọ́rùn fúnra rẹ̀ kí efinrin má ta sí aṣọ dáadáa yẹn, ó wá jókòó kọjú sí i, ó fọwọ́ lérán.

"Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín," ó ní. "Ó jayé díẹ̀ kó tó di ìsinsìnyí. Àwọn ọmọge máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà yìí dè é ni."

Comasia gbé oúnjẹ mì. "Ó jọ pé nígbà tó wà ní èbúté ni."

"Èbúté yẹn náà ni. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ti jáwọ́, ìgbéyàwó nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n mú."

"Ta ló mú un?"

"Òun ni. Ó ti bá fádà sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì gan-an ti wà nílẹ̀, tuntun ni, ẹ lè yọjú wò ó."

Comasia yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀kùn yẹn. "Kò tíì gbọ́ èsì lẹ́nu mi," ó ní wúyẹ́wúyẹ́, "ó ti ra bẹ́ẹ̀dì."

"Ṣé inú ń bí ẹ ni?"

"Inú ń bí mi gan-an," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín, efinrin wà ní gbogbo eyín rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún àwo gbà. Ó wá yíjú sí Delfina. "Ṣé ó fẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀dì náà? Ó fẹ̀ dáadáa. Ọmọ mẹ́ta lè sùn sí àárín wọn."

"Ọmọ kẹ̀? Màmá, ní ọjọ́ orí yìí?"

"Kí ló ṣe ọjọ́ orí náà? Ìsinsìnyí gan-an ló yẹ kí wọ́n bí i, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n."

Mo fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu. Ìgbà náà ni ẹnì kan wọlé tòun ti búrẹ́dì pẹlẹbẹ olóròóró tó ṣì gbóná nínú bébà. Ọmọkùnrin gíga, irun rẹ̀ dé èjìká, apá rẹ̀ tó igi. Ó sọ búrẹ́dì kalẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó fẹnu ko Comasia ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Ẹ kú ìrìn."

"Ta lọmọ yìí?" Comasia bi Delfina.

"Ivano nìyẹn, ọmọ ọmọ mi. Ọkọ ìyàwó."

Comasia wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Màmá," ó ní, "ọmọ yìí kéré sí mi."

Delfina ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe àwa ni àwọn àǹtí ìyàwó, àwọn méjì tó ń bọ̀ láti Calabria ní gúúsù wá wo ojú ọkọ? Mo rántí àwọn obìnrin méjì tó wọ dúdú, mo rántí sọ́séèjì inú báàgì yẹn, mo rántí ìka Comasia tó nà sí ìsàlẹ̀, mo sì mọ ẹni tó wà létí òkun lákòókò yẹn. Mo sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀rín pa Ivano títí ó fi fara ti fìríìjì. Delfina ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àwo makaroní tó ti ṣófo.

"Ta ni mo wá ń bọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan?" ó ní.

Comasia ti dìde. "Mẹ́rìnlélógún, pupa," ó ń sọ. "Ó ní mẹ́rìnlélógún, pupa. Ẹ ẹ̀ wo ilẹ̀kùn yín ni?"

"Àwọ̀ nọ́ńbà ló ń sọ, àǹtí, kì í ṣe ilẹ̀kùn," Ivano ní. "Ilé oúnjẹ ló ń ní pupa. Ti ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, tó ní kọ́tìnì ìlẹ̀kẹ̀."

"Èyí tí wọ́n kùn burúkú yẹn?"

"Òun ni."

Lẹ́yìn wa, lórí sítóòfù, ìkòkò kọfí Delfina bẹ̀rẹ̀ sí í hó gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀. Comasia gbọ́ ọ. Gbogbo wa rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Kò dágbére. Ó bẹ́ síta tòun ti aṣọ ìnuwọ́ lọ́rùn, ó ń sáré lórí òkúta yíyọ̀ wọ̀nyẹn bí ọmọge, Ivano ń sá níwájú rẹ̀, ó ń pariwo pé kí àwọn ènìyàn yà, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àwọn ènìyàn yọrí lójú fèrèsé. Ẹnì kan bi wá pé ta ló jí kí ni.

Ilé oúnjẹ náà ti tú nígbà tí a fa kọ́tìnì ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti da àwọn àga dé orí tábìlì. Ọ̀kan ló kù tí wọn ò tíì palẹ̀ rẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Oronzo sì wà nídìí rẹ̀. Ó ti tú táì, ó ti tú bọ́tìnì, ojú rẹ̀ ti wú. Àwo ló yí i ká. Àga kan ṣófo níwájú rẹ̀, fọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ gún ẹran ehoro kan tí kò lè gbé dé ẹnu. Nígbà tó rí wa, ó fẹ́ dìde, ikùn ò jẹ́.

Onílé oúnjẹ náà jáde láti kíṣìnì, ó ń nu ọwọ́. Ó wo Comasia.

"Ṣé ẹ̀yin ni Comasia? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bàbá yìí ti jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó jẹ ẹja wẹ́wẹ́, ó jẹ ṣàkì, ó jẹ ehoro, ó tún jẹ ehoro. Tí mo bá ti ní ṣé kí n gbé kọfí wá, á ní rárá, kí n gbé nǹkan mìíràn wá. Kò sí nǹkan mìíràn mọ́. Èyí tó ń jẹ yìí, tèmi àti ìyàwó mi ni."

Comasia fa àga náà, ó jókòó. Ó ń mí sókè sódò, aṣọ ìnuwọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ efinrin. Mo rò pé ó máa bú ọkùnrin náà.

"Mo sọnù," ó ní.

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, àwọn ará Casalvito ò sì tíì gbà mí gbọ́ dòní.

"Ẹ ti yó, Oronzo," ó ní.

"Mo ti yó láti aago kan."

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n gbé kọfí wá?"

Ọ̀gá Oronzo wo àwo. "Tí kọfí bá dé, ó parí nìyẹn," ó ní. "Mo ní kí n ṣáà máa jẹun ná."

"Ká ní mi ò wá rárá ńkọ́?"

Ó ronú sí i dáadáa, bó ṣe máa ń ronú sí páìpù gáàsì. "Ǹ bá ṣì wà níbí," ó ní. "Ǹ bá ti kú sí ehoro kẹta."

Omi ojú Comasia bọ́. Ó na ọwọ́ kọjá gbogbo àwo, ó di ọwọ́ tó mú fọ́ọ̀kì mú.

"Mo gbà," ó ní. "Mo fẹ́ yín, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ yín. Ẹ dákun, ẹ má jẹun mọ́."

Ọ̀gá Oronzo gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀.